CAC, owó orí àti gbèsè ọjà: àlàyé fún oníṣòwò kékeré ní Àkúrẹ́

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2026, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, yálà ní Ọjà Ọba tàbí ní Ìsinkàn. Àwọn kan ní ìjọba yóò máa yọ owó nínú àkáǹtì ẹni lóru. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá ní ìwé CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kò gbọdọ̀ tajà mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni CAC tún kéde pé láti January 2026, ẹni tó ń ṣe POS láìforúkọ sílẹ̀ kò ní lè ṣe é mọ́, ni ọ̀rọ̀ méjèèjì bá lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tó yẹ kó lọ forúkọ sílẹ̀ ń sá, nítorí ó rò pé owó orí lòun fẹ́ fà wọlé. Ẹni tó ti sanwó fún ìjọba ìbílẹ̀ náà rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a pè é ní "ìjọba". Ọwọ́ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń gba owó orí, èyí tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí méjèèjì, ọlọ́pàá ní tirẹ̀ kò sì sí lára wọn rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yín tó ní òfin ló rán òun wá, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi í ni pé: òfin wo, ọ̀dọ̀ ta sì lo ti wá?

Kí ni CAC, ṣé dandan sì ni?

CAC ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Òfin CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó de òwò àti kọ́ńpìnì, ló ń lò. Kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìwé ọdọọdún àti irú wọn ló ń gbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà ń lọ báyìí, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbowó ọkọ̀ Abuja lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ orúkọ àbísọ yín àti orúkọ ìdílé yín lẹ fi ń tajà, láìfi nǹkan kan kún un, CAMA kò ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi "Ventures", "Foods", "Fashion Home" tàbí "and Sons" kún un, ó ti di orúkọ òwò, òfin sì ní kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí òwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn pátákó tó wà lójú ọ̀nà Ọba Adésídà títí dé Arákalẹ̀, ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Orúkọ òwò àti kọ́ńpìnì: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ìwé CAC tí wọn kò mọ èyí tí wọ́n gbà nínú méjèèjì.

Orúkọ òwò dà bí ìnagijẹ. Bí gbogbo àdúgbò bá ń pe obìnrin kan ní Ìyá Aláṣọ, gbèsè tí Ìyá Aláṣọ bá jẹ, ọrùn obìnrin náà ló wà. Bó bá di ọ̀rọ̀ kóòtù, ọkọ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ tó rà sẹ́yìn ìlú wà lára ohun tí wọ́n lè fi san gbèsè náà. Kọ́ńpìnì, ìyẹn èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí "Limited", kì í ṣe ìnagijẹ ẹnikẹ́ni. Òfin kà á sí ẹni kan lọ́tọ̀. Ó lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Bó bá wó, ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni owó tó fi ra ìpín nínú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè dá kọ́ńpìnì sílẹ̀. Òfin 2020 ti yí ìyẹn padà: ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀, bí iye ìpín rẹ̀ kò bá ti dín ní ₦100,000.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ra kòkó ní Ìdànrè tàbí ní ìlú Oǹdó. Ó gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó kòkó ránṣẹ́ sókè òkun, ó fi ra ọjà, ó kó o sí ilé ìpamọ́. Gbogbo wa la rí i bí owó kòkó ṣe fò kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ní 2024, tó sì já wálẹ̀ gan-an ní 2025. Bí owó bá já báyẹn nígbà tí ọjà ṣì wà nílẹ̀, gbèsè ti dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò ló fi ń ra kòkó, ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnì, tó sì jẹ́ kọ́ńpìnì ló tọwọ́ bọ àdéhùn, ilé náà bọ́.

Ààbò yẹn kì í dúró bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tú u. Báǹkì sábà máa ń ní kí ọ̀gá kọ́ńpìnì fúnra rẹ̀ ṣe onídùúró fún owó tí kọ́ńpìnì yá. Ẹ ka ìwé náà dáadáa. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, gbèsè kọ́ńpìnì ti padà wá bá yín nílé. Bákan náà, ẹni tó ń fi owó kọ́ńpìnì san owó ilé ìwé ọmọ, tó ń fi àkáǹtì ara rẹ̀ gba owó ọjà, ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn fún ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì tó dòwò pọ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá jọ ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ òwò, gbèsè tí ọ̀kan jẹ nítorí òwò náà, olówó lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ìkejì. Mi ò rò pé ó yẹ kí ọ̀rẹ́ méjì kó owó ńlá pọ̀ báyẹn láìsí ìwé àdéhùn tó sọ iye tí kálukú mú wá àti bí wọn yóò ṣe pín èrè.

Fún aránṣọ, onídìrí àti ẹni tó ní ilé oúnjẹ kékeré, orúkọ òwò tó, owó rẹ̀ kò tó ti kọ́ńpìnì, wàhálà rẹ̀ náà kéré. Ẹni tó ń gba ọjà àwìn ńláńlá, tàbí tó ń wá iṣẹ́ kọngílá lọ́wọ́ ìjọba, ni mo máa gbà nímọ̀ràn pé kó dá kọ́ńpìnì sílẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ìwé ọdọọdún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC. Ti orúkọ òwò kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 30 oṣù June, àfi ọdún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nìkan. Ìwé yìí kì í ṣe owó orí, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ bí ẹ kò tilẹ̀ tajà kankan lọ́dún náà. Ìtanràn ló ń gorí ara wọn lọ́rùn ẹni tó gbàgbé rẹ̀.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ṣé orúkọ náà ti di tèmi nìkan?

Rárá o. CAC kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fi orúkọ kan náà forúkọ òwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n àmì àti orúkọ tó wà lára ọjà, bíi ti ọṣẹ tàbí gààrí inú ọ̀rá, ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n ti ń dáàbò bò ó. Trademarks Registry ni wọ́n ń pè é, ó wà lábẹ́ mínísírì ìṣòwò ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbé, lẹ́yìn náà ni a ó máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Ti NAFDAC tún yàtọ̀ sí méjèèjì: òun ló ń yẹ oúnjẹ inú páálí, omi inú ọ̀rá, oògùn àti ìpara wò bóyá wọn kò ní pa èèyàn lára. Ẹni tó ń se ìrẹsì tà nínú abọ́ lójú ọ̀nà FUTA kò nílò nọ́ńbà NAFDAC lórí abọ́ ìrẹsì. Ẹni tó ń di chin-chin sínú ọ̀rá, tó kọ orúkọ sí i lára, tó sì ń gbé e káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù nílò rẹ̀.

Owó orí: èló ni, ta ló sì máa gbà á?

CAC kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ owó orí. Bí ẹ forúkọ sílẹ̀ o, bí ẹ kò forúkọ sílẹ̀ o, èrè tí ẹ bá jẹ ni òfin ń wò.

Ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀ tàbí lábẹ́ orúkọ òwò, owó orí ara rẹ̀ ló ń san, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló sì ń gbà á, nípasẹ̀ iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀, ODIRS. Kọ́ńpìnì ni ó máa ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, lọ́dọ̀ NRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIRS tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: èrè ni wọ́n ń bu owó orí lé, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ká ní aláṣọ kan ní Ọjà Ọba ta ọjà ₦6,000,000 lọ́dún. Ó fi ₦4,200,000 ra àwọn aṣọ náà. Ó san ₦400,000 fún ṣọ́ọ̀bù; iná, ọkọ̀ àti ọmọ tó ń bá a tajà sì gba ₦350,000. Ohun tó kù ní ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦1,050,000. Òfin tuntun ní ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Ó ku ₦250,000. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ìyẹn ₦37,500 fún odindi ọdún. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san nǹkan kan. Bí èrè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdá tí wọ́n ń gbà náà ń ròkè, títí dé náírà 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó bá kọjá ₦50,000,000.

Ní ti kọ́ńpìnì, bí gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦100,000,000 lọ, tí ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000, kò ní san owó orí kọ́ńpìnì rárá. Ààyè yìí kò kan àwọn lọ́yà, oníṣirò owó àti irú àwọn oníṣẹ́ ìwé bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé kí ẹ má kọ̀wé: ẹ gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún ránṣẹ́ sí NRS bí owó tí ẹ máa san tilẹ̀ jẹ́ òfo. Owó oṣù tí ẹ bá sì ń gbà nínú kọ́ńpìnì yín, owó orí ti ara yín wà lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe POS ló ń bẹ̀rù jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù ló ń gba inú àkáǹtì wọn kọjá, wọ́n sì rò pé orí gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò ti gba owó orí. Owó oníbàárà kì í ṣe owó tí ẹ pa. Ẹni tó gba ₦20,000, tí ẹ sì gba ₦400 lọ́wọ́ rẹ̀, inú ₦400 yẹn ni èrè yín wà, ẹ ó sì tún yọ owó tí báǹkì gé, owó ṣọ́ọ̀bù àti dátà kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó ń yẹ ìwé wò bá dé, ta ni yóò sọ fún un? Ìwé àkọsílẹ̀ yín ni. Bí kò bá sí, òfin fún iléeṣẹ́ owó orí láyè láti fojú díwọ̀n iye tó rò pé ẹ jẹ lérè, ìdíwọ̀n náà kì í sì í ṣojú rere sí ẹni tí kò ní ìwé. Ìwé kékeré kan tó: ọjọ́, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tí a fi ṣe. Ọjọ́ 31 oṣù March ni gbèdéke tí ẹni tó ń ṣòwò fúnra rẹ̀ ní láti fi ìṣirò ọdún tó kọjá ránṣẹ́.

Ti báǹkì ńkọ́? Nọ́ńbà owó orí, Tax ID, ni òfin ní kí báǹkì máa béèrè. NIN yín ló dúró fún un bí ẹ bá ń dá ṣòwò. Nọ́ńbà CAC ló dúró fún ti kọ́ńpìnì. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí wọ́n kàn máa wọ àkáǹtì èèyàn lọ yọ owó orí. Ẹni tí wọ́n ti ṣírò owó orí fún, tí àkókò àtijà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti kọjá, tó sì kọ̀ láti san, òun ni wọ́n lè kọ̀wé sí báǹkì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. ₦50 tí ẹ ń rí tí wọ́n ń gé nígbà tí ẹ bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, owó sítáǹbù ni. Ẹni tó gba owó ni wọ́n ń gé e lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti January 2026 ó ti di ti ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Àwọn tó ń gbowó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù

Láti 1998 ni òfin kan ti to owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì wà lára ti ìjọba ìbílẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò wà lára ti ìpínlẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà láti gba owó orí.

Bí wọ́n bá dé, ẹ kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ wá béèrè káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìbéèrè owó tó ní orúkọ òwò yín. Inú àkáǹtì ìjọba ni kí ẹ san án sí, ẹ má fi lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Owó ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe owó orí. Ẹgbẹ́ wúlò, mo sì mọ iye èèyàn tí ẹgbẹ́ ti gbà sílẹ̀ nígbà àìsàn àti òfò, ṣùgbọ́n òfin kò fún ẹgbẹ́ kankan láṣẹ láti ti ṣọ́ọ̀bù ẹni pa nítorí owó oṣù.

Oníbàárà jẹ mí lówó. Ṣé kí n fi ọlọ́pàá mú un?

Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Ó tún ní wọn kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ìyàwó tí wọ́n gbé lọ sí tésàn torí pé ọkọ rẹ̀ sá lọ, ìyá arúgbó tí wọ́n ní kó jókòó títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dé: òfin lòdì sí méjèèjì, bí gbèsè náà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Gbèsè yàtọ̀ sí jìbìtì. Ẹni tó gba símẹ́ńtì àwìn, tó ń kọ́lé lóòótọ́, tí owó rẹ̀ wá há síbì kan, gbèsè ló jẹ. Ẹni tó parọ́ pé òun ní ilé tí òun ń kọ́, tó gba símẹ́ńtì, tó tà á lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sì pa fóònù, ó ti lu jìbìtì, ọlọ́pàá lè dá sí i. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Kí wá ni olówó máa ṣe? Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àdéhùn ẹnu lásán múlẹ̀ lábẹ́ òfin, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ni ìṣòro. Ẹ ní ìwé àwìn, kí oníbàárà kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé: "Mo gba àpò símẹ́ńtì 50, owó rẹ̀ jẹ́ iye báyìí, màá san án tán ní ọjọ́ báyìí." Kó kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ojú bá ń tì yín láti ní kí ẹ̀gbọ́n tàbí àna yín fọwọ́ sí ìwé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àpò 50 tí ẹ gbé lónìí, iye rẹ̀ rèé." Bí wọ́n bá dáhùn pé "Mo rí i", ìyẹn náà ti di ẹ̀rí. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí a mú ọ̀rọ̀ inú fóònù wá sí kóòtù, bí a bá tẹ̀lé ìlànà tó wà fún un, lọ́yà yóò sì bá yín ṣe ìwé tó máa ń bá a rìn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà.

Bí ọjọ́ bá pé tí kò san, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí lọ́yà kọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbèsè ló ń parí sórí lẹ́tà lọ́yà. Bó bá kọ̀, ó di ti kóòtù.

"Ọjà tí a bá rà kò ṣeé dá padà"

Ọ̀rọ̀ yìí wà lára rìsíìtì tó pọ̀ nílùú yìí, kò sì gba oníṣòwò sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018. Bí ọjà bá ní àbùkù tàbí tí kì í ṣe ohun tí ẹ pè é, oníbàárà lè dá a padà. Ẹni tó kàn yí ọkàn padà nítorí pé àwọ̀ aṣọ kò bá gèlè rẹ̀ mu mọ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ àdéhùn yín. Òfin yẹn tún ní kí iye owó hàn lára ọjà, kí ẹ má sì gbà ju iye tó hàn lọ.

Òṣìṣẹ́ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́

Owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tí gbogbo ayé ń sọ, kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò pé 25. Owó ìfẹ̀yìntì di dandan bí òṣìṣẹ́ bá pé 15. Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún yẹ kó gba ìkìlọ̀ oṣù kan kí ẹ tó dá a dúró; ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni tirẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà yẹ kó ní ìwé tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí: ọdún mélòó, èló, ta ló máa ra irinṣẹ́, kí ló máa gbà lọ́jọ́ tó bá ṣe fíríídọ̀mù.

Onílé ní kí n kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn. Bí kò bá sọ iye àkókò ìkìlọ̀, ẹni tó ń san owó ọdọọdún yẹ kó gba ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Bí àkókò yẹn bá pé, onílé tún gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun padà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kóòtù nìkan ló lè ní kó kó jáde. Onílé kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fi àgádágodo kún ti yín, kò gbọdọ̀ ṣí páànù, kò sì gbọdọ̀ rán àwọn ọmọ àdúgbò láti da ọjà síta, ì báà jẹ́ pé ẹ jẹ ẹ́ lówó.

Bó bá ti ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó dé, ẹ má já kọ́kọ́rọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ àwọn ọjà tó wà nínú sílẹ̀ pẹ̀lú iye wọn, kí ẹ pe ẹni méjì tó rí i, kí ẹ sì lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó lọ́yà lè béèrè lọ́dọ̀ Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ẹjọ́, bóyá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń gbà.